Wákàtí Méjìlá ní Àlọ, Mọ́kànlá ní Àbọ̀

Ọ̀gá àgbà wa, tí ẹ jẹ́ alága ìpàdé yìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tí ẹ tún wọ kóòtù wá jókòó níwájú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, mo kí yín. Ẹ̀yin awakọ̀ bàálù, ẹ̀yin tí inú yín kì í dùn sí mi bí mo bá ti ní epo tí ẹ béèrè ti pọ̀ jù, mo kí yín, mo sì ti dárí jì yín. Ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú èrò nínú bàálù, ẹ̀yin ará ibi ẹrù, ẹ̀yin àna mi tí ẹ jókòó sápá ọ̀tún, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá ọmọ mi náà wà níbí, àmọ́ mi ò ní kí i mọ́ àwọn àlejò, tirẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín lápapọ̀.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí sílẹ̀, ó wà nínú àpò mi níbí. Àmọ́ gbogbo wa la jọ gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí n lọ. Wọ́n ní àwọn ti bá àwọn tó wà lókè sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti fi ọdún méjì kún un fún mi lórí àga mi, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ débi pé omi inú ife tó wà níwájú mi ń mì. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Ta ló máa gbọ́ pé wọ́n ṣì ń wá òun, tí inú rẹ̀ ò ní dùn? Àmọ́ bí ẹ ṣe ń pàtẹ́wọ́ yẹn, ojú mi ń wá ẹnì kan, mo sì rí i. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí báàgì rẹ̀, kò gbé wọn. Ìyàwó mi ni. Ìjẹta ló wọ bàálù láti ìlú tó ń gbé, kó lè wá mú mi lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì àwa méjèèjì wà nínú báàgì yẹn, ti ọ̀la ni.

Nítorí náà, mi ò lè ka ohun tí mo kọ mọ́. Ọ̀gá ń retí èsì, ìyàwó mi náà ń retí èsì, èmi fúnra mi ò sì tíì mọ èyí tí mo máa sọ nígbà tí mo dìde lórí ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ lọ ná, bóyá màá débẹ̀.

Àwọn àna mi kan wà níbí tí wọn ò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń wa bàálù ni?” Rárá o. Èmi kì í kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí bàálù tó gbéra, a ti jókòó sínú yàrá kan, a ti wo bí ibi tó ń lọ ṣe jìnnà tó, a ti wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lókè, a ti wo bí èrò àti ẹrù ṣe wúwo tó, a sì ti sọ iye wákàtí tó máa lò lófuurufú àti iye epo tó máa gbé. Awakọ̀ á wá gba ìwé náà lọ́wọ́ wa, á fọwọ́ sí i, á sì máa lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé èmi lọ́wọ́ látìgbà tí mo ti dé, láti ìlú wa yìí sí ìlú kan tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn, ní òdìkejì òkun. Ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kìlómítà. Wákàtí méjìlá ní àlọ, wákàtí mọ́kànlá ní àbọ̀.

Gbogbo èèyàn ló ń bi mí pé kí ló dé tí àlọ fi ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ, ṣebí ọ̀nà kan náà ni. Afẹ́fẹ́ ni. Lókè lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ ńlá kan wà tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀. Bí bàálù bá ń lọ, á dojú kọ ọ́; bó bá ń bọ̀, á máa tì í lẹ́yìn. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Máàpù, bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé báwo ni ìlú yẹn ṣe jìnnà tó. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo dáhùn, inú mi ń dùn. Wọ́n ní, “O ti wọn ilẹ̀. Wá lọ wo afẹ́fẹ́, kó o tó padà wá dá mi lóhùn.” Mo rò pé àgbàlagbà yìí kàn fẹ́ fi mí ṣeré ni.

Ẹ̀yin tí a jọ lo yàrá àtijọ́ yẹn, ṣé ẹ rántí rẹ̀? Kì í ṣe ti ìsinsìnyí tí kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀ ni mò ń wí. Èyí tí tábìlì kan gba gbogbo àárín rẹ̀ ni, tí máàpù tẹ́ lórí tábìlì náà, tí igun kan máàpù ti dúdú nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé ife tíì lé. Fèrèsé rẹ̀ kì í tì dáadáa. Bí bàálù bá ń gbéra, gbogbo pẹ́ńsù tó wà lórí tábìlì á máa yí lọ sápá kan, àwa á sì na ọwọ́ dí wọn láì gbójú sókè. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ìró bàálù nílé, ọwọ́ mi á ṣàdéédéé na síwájú lórí tábìlì oúnjẹ. Ọmọ mi rí i lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Dádì, kí lẹ fẹ́ mú?”

Ọ̀gá àgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ tiyín kí n má baà gbàgbé. Lọ́dún tí kùrukùru bo pápákọ̀ mọ́lẹ̀, tí bàálù kankan ò lè gbéra, tí àwọn èrò ti ń bínú, ẹ̀yin nìkan ni ọ̀gá tí mo rí tó gbé àga jáde lọ jókòó sáàárín wọn. Wọ́n bú yín títí, ẹ ò dá ọ̀kan padà, ẹ kàn ń ní kí wọ́n bu omi fún àwọn ọmọdé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú èrò nínú bàálù, ẹ̀yin lẹ di ilé ìfìwéránṣẹ́ ìdílé mi. Nígbà tí eyín ọmọ mi ń ká ní òdìkejì òkun, tó ní dandan ni kí Dádì òun rí i, ọ̀kan nínú yín ló gbé eyín náà wá fún mi nínú páálí ìṣáná. Ó ti di ìyá àgbà báyìí, ó jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ó ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe òun.

Ẹ̀yin ọmọ yàrá wa, mo mọ̀ pé mo le. Tún-un-ṣírò lẹ ń pè mí lẹ́yìn. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Ẹ ti ṣírò epo, ó ti pé, màá ní kí ẹ tún un ṣírò. Ẹ tún un ṣírò, iye kan náà ló jáde, màá wá ní, “Ẹn-ẹ́n, ó dáa bẹ́ẹ̀,” bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é. Ẹni tí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí níwájú àlejò, kó jọ̀ọ́, kó fi jì mí.

Ó wá ku bí ìyàwó mi ṣe dé òdìkejì òkun. Nọ́ọ̀sì ni. Ọmọ wa obìnrin ṣì kéré nígbà tí ilé ìwòsàn kan lọ́hùn-ún pè é síṣẹ́. Owó rẹ̀ dáa, ilé ìwé ọmọ dáa. A jókòó sórí ibùsùn, a sọ ọ́ síwá, a sọ ọ́ sẹ́yìn. Ìyá mi, Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, wà ní pálọ̀, wọ́n ní, “Ibi tí ẹ ń wí yẹn, oorun mélòó ni kéèyàn tó débẹ̀?” Mo ní, “Màmá, oorun kan péré.” Wọ́n ní, “Oorun kan? Kí lẹ wá ń sunkún sí?” Èmi ló sọ ọ́ níkẹyìn. Mo ní, “Máa lọ. Ọdún méjì péré ni.” Ìyàwó mi wò mí, ó ní, “Ṣé ọdún méjì ni lóòótọ́?” Mo ní ọdún méjì ni.

Nígbà tí ọdún méjì náà pé, ọmọ ti wà ní kíláàsì tí kò ṣeé yọ ọ́ kúrò. A ní kó jẹ́ ọdún méjì sí i. Nígbà tí ìyẹn náà pé, wọ́n fi mí ṣe olórí yàrá wa, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lo ọdún méjì lórí àga náà kí n tó wá bá wọn. Ìgbà míì, òun ni. Ìgbà míì, èmi ni. A ò jà, a ò kọ ara wa, a kàn ń fi ọdún méjì lé ọdún méjì ni. Ọmọ tí eyín rẹ̀ wà nínú páálí ìṣáná yẹn ti lọ́kọ lọ́hùn-ún, òun náà ti bímọ. Ọ̀gá, ẹ má bínú o, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀. Àmọ́ ìdí tí obìnrin yìí ò fi pàtẹ́wọ́ nìyẹn nígbà tí ẹ dárúkọ ọdún méjì.

Lọ́dọọdún, èmi á lọ lẹ́ẹ̀kan, òun á wá lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ń lọ bá a, afẹ́fẹ́ á dojú kọ mí. Bí mo bá ń padà sẹ́nu iṣẹ́, á máa tì mí lẹ́yìn. Mo sọ ọ́ fún un lórí fóònù nígbà kan, mo rò pé á pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé afẹ́fẹ́ ló ń tì yín ni, àbí ẹ̀yin lẹ ń sáré?”

Ẹ̀yin ará ibi ẹrù ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òun àti ọmọ ń bọ̀ wálé fún ìsinmi ni. Yàrá wa ló ń ṣètò àlọ, òun náà ló ń ṣètò àbọ̀, ìwé bàálù tó máa gbé wọn bọ̀ sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ṣírò epo, ó pé. Mo wá rò ó pé ìyàwó mi nìyí, ọmọ mi nìyí, mo fi díẹ̀ kún un. Mo tún rò ó, mo tún fi díẹ̀ kún un. Nígbà tí mo máa fi gbọ́wọ́ kúrò lórí ìwé náà, epo tó wà níbẹ̀ tó ẹni tó fẹ́ lọ yí ayé ká. Epo sì wúwo. Bó bá ti pọ̀ jù, ohun míì gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹrù ni wọ́n já sílẹ̀ lọ́hùn-ún, báàgì ta sì ni wọ́n kọ́kọ́ já? Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ níbí tòun ti ọmọ àti aṣọ ọrùn wọn. Gbogbo ohun tó ti ń rà díẹ̀díẹ̀ fún èmi, fún ìyá mi, fún ẹbí, òdìkejì òkun ló wà. Ó dúró níwájú mi nínú gbọ̀ngàn àwọn tó ń dé, ó ní, “Wọ́n ní epo ló pọ̀ jù. Ta ló ṣírò rẹ̀?” Awakọ̀ tó gbé wọn wá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń rò.” Ó wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣòkòtò mi ló ń wọ̀ kiri ilé kí báàgì rẹ̀ tó dé.

Ọjọ́ kejì ni Bàbá Máàpù ṣe òfin tí a ṣì ń lò dòní: ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá wà nínú bàálù ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìwé bàálù náà, ẹlòmíì ni kó ṣe é. Láti ìgbà náà, àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ tó ga tó sì rí gbọọrọ tó fi jẹ́ pé a ò rí orúkọ míì fún un ju Rúlà lọ, òun ló ń ṣe ti ìyàwó mi. Á kẹ́yìn sí mi, á fi èjìká bo ìwé náà. Lọ́jọ́ kan, ara mi ò gbà á mọ́, mo dìde lọ bá a, mo ní, “Àbúrò, ṣé o wo afẹ́fẹ́ yẹn dáadáa?” Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ jókòó. Ìyàwó yín ni, kì í ṣe iṣẹ́ yín.” Rúlà, gbogbo ìgbà tí mo fi ń bínú sí ẹ pé o ò jẹ́ kí n rí ìwé, ìwọ lò ń gbé ìyàwó mi wá fún mi láyọ̀. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ rí. Mo dúpẹ́ lónìí, lójú gbogbo ayé.

Kí ló wá ń dí mi lọ́wọ́ láti máa lọ? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Èmi àti ìyàwó mi mọ bí a ṣe ń pàdé, a sì mọ bí a ṣe ń dágbére, a mọ̀ ọ́n ju gbogbo yín lọ. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni a ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo máa ń béèrè ibi tí ṣíbí wà. Bí òun náà bá dé ibí, á kanlẹ̀kùn kó tó wọ yàrá tèmi tirẹ̀. Níbi iṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ mí. Ẹ mọ ife mi, ẹ mọ wákàtí tí kò yẹ kẹ́nikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́hùn-ún ńkọ́? Mo rò ó pé bàbá àgbàlagbà kan lásán ni màá jẹ́, tó ń ti ojú fèrèsé wo bàálù.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìyàwó mi fẹ̀yìn tì, mo lọ kí i. Ó ṣí ibi tó ń kó aṣọ sí hàn mí. Ó ti kó tirẹ̀ jọ sápá kan, ìdajì rẹ̀ ṣófo. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, mo gbé e kọ́ síbẹ̀, mo rí i pé inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí ọjọ́ àtipadà mi pé, mo di ẹrù bí mo ṣe máa ń dì í, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára. Mo délé níbí, fóònù dún. Ó ní, “Ẹ ti mú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn lọ.” Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò mọ̀ pé mo mú un. Mo ní, “Má bínú.” Ó ní, “Mi ò bínú.” Ẹ̀yin èèyàn mi, látìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń ṣírò bí ìlú yẹn ṣe jìnnà tó, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jókòó sí kíṣìnì, oúnjẹ ò wù mí jẹ.

Ọ̀gá àgbà, mo ti débẹ̀ báyìí. Mo gbọ́ ìfẹ́ tó wà nínú ohun tí ẹ sọ, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Àmọ́ mi ò ní dúró. Mi ò gba ọdún méjì, mi ò gba oṣù méjì. Ẹ fún Rúlà ní àga yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò jẹ́ kí n sunkún rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

Ṣé ẹ mọ̀ pé láti gbogbo ọdún yìí, èmi àti ìyàwó mi ò tíì jọ wọ bàálù ọ̀nà yẹn rí, kódà lẹ́ẹ̀kan? Bí mo bá ń lọ, òun ló ń dúró lọ́hùn-ún. Bó bá ń bọ̀, èmi ni mò ń dúró níbí. Mo mọ iye wákàtí tó lò lókè nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ó máa ń sùn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló fẹ́ràn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù máa ń bà á bí bàálù bá fẹ́ balẹ̀, àti ọwọ́ ta ló ń dì mú. Ọ̀la la máa jọ lọ. Afẹ́fẹ́ tí mo ti bá ṣọ̀tá látọjọ́ yìí, kó máa fẹ́ bó bá ṣe wù ú, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bi obìnrin yìí pọ̀.

Ìṣòro kan ló kù, òfin Bàbá Máàpù. Ta ló máa ṣe ìwé bàálù ọ̀la? Ta ló wà nínú yàrá yẹn tí kì í ṣe èèyàn mi? Rúlà, mo rí ẹ tí ò ń nu ojú, ìwọ gan-an ò yẹ lẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ wá ẹnì kan tí kò mọ̀ mí rí kó ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa fi epo kún un, báàgì mi á sì ṣẹ́ kù síbí.

Gbogbo bàálù tó bá tọwọ́ yín gbéra, ayọ̀ ni yóò máa fi balẹ̀. Ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí ò ní dójú tì yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó ń dúró dè yín níbì kan, kí Ọlọ́run fún yín láàyè láti lọ bá a nígbà tí ara ṣì le. Ẹ̀yin àna mi, ẹ ò ní wá wa tì. Ọ̀gá àgbà, ẹ̀yin náà máa rí ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀ yín pé kí ẹ má lọ, ẹ ó sì rí ilé tó dáa lọ. Bí a bá tún pàdé, kó jẹ́ lórí ayọ̀.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé tọkàntọkàn. Ìyá ọmọ mi, mo ti parí. Dìde, jẹ́ ká máa lọ sílé.